Ọ̀sẹ̀ Àkọ́kọ́, Ẹsẹ̀ Lo Máa Fi Ṣiṣẹ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Brampton ni mo ń gbé. Mo ti gba àyè láti lọ yọ̀ǹda ara mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní ibùdó tí wọ́n ti ń fi òrùka sẹ́yẹ lẹ́sẹ̀ ní Long Point, láti ìparí oṣù kẹrin. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́? Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n mú ẹyẹ lọ́wọ́? Ìyá mi ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹyẹ tí àwọn ń fi àtè mú nígbà kékeré ni mo fẹ́ lọ máa mú ní Kánádà. Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù ni pé, ṣé ẹyẹ kì í kú sínú àwọ̀n tí wọ́n fi ń mú wọn?

Ìdáhùn:

Àbúrò, o káre. Bá mi kí ìyá rẹ, kí o sì sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ wọn kò jìnnà sóòótọ́. Ẹni tó bá ti fi àtè mú ẹyẹ rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Ó mọ ibi tí ẹyẹ ń gbà kọjá, ó mọ̀ pé ìdájí ni ọjà ẹyẹ ń kún, ó sì mọ bí èèyàn ṣe ń lúgọ láìmira. Ìdajì kejì ni kò mọ̀, ìyẹn bí a ṣe ń tú ẹyẹ sílẹ̀ láìtu ìyẹ́ kan lára rẹ̀. Odindi ọdún kan ni mo fi kọ́ ìdajì kejì yẹn, n kò sì tíì kọ́ ọ tán.

Wọ́n á jẹ́ kí o mú ẹyẹ lọ́wọ́, má mikàn, àmọ́ kì í ṣe lọ́jọ́ tí o bá dé. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ lo máa fi ṣiṣẹ́. Wàá rìn láti ìdí àwọ̀n kan dé ìdí òmíràn, wàá gbé àpò ẹyẹ wá sílé, wàá jókòó ti ẹni tó ń fi òrùka sẹ́yẹ lẹ́sẹ̀, wàá máa kọ ohun tó bá pè sílẹ̀. Bí wọ́n bá rí i pé ara rẹ balẹ̀, wọ́n á gbé ẹyẹ tó ti gba òrùka tán fún ọ pé kí o lọ tú u sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á kọ́ ọ bí a ṣe ń yọ ẹyẹ nínú àwọ̀n. Òrùka gan-an, èyí tó ní nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹyẹ mọ̀ bí a bá tún mú un, ló kẹ́yìn, torí iṣẹ́ tó ń gba ìwé àṣẹ ìjọba ni. Ọ́fíìsì kan wà ní Ottawa tó ń fún èèyàn níwèé náà, òun àti ọ́fíìsì ẹgbẹ́ rẹ̀ ti Amẹ́ríkà, tó wà ní Maryland, ni wọ́n jọ ń pín òrùka, tí wọ́n sì jọ ń tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Abẹ́ ìwé àṣẹ ẹlòmíràn ni ìwọ máa ti ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ní “ó tó, gbé e wá”, gbé e fún wọn kíá, má bínú. Ibùdó tó bá gbé ẹyẹ lé àlejò lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní, èmi ò ní fi ẹyẹ mi sọ́dọ̀ wọn.

Ibi tí o ń lọ yẹn kì í ṣe ibi kékeré o. 1960 ni wọ́n dá a sílẹ̀, òun sì ni wọ́n kà sí àgbà gbogbo ibùdó ẹyẹ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, láti Kánádà títí dé Argentina. Inú rẹ̀ ni Birds Canada, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹyẹ ní Kánádà, ti jáde. Ẹyẹ tí wọ́n ti fi òrùka sí níbẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù kan. Long Point fúnra rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó gùn tó bíi kìlómítà 40, ó na ara rẹ̀ wọ inú adágún Erie bí ìka. Òru ni àwọn ẹyẹ kéékèèké ń rìn. Wọ́n ti lo ìgbà òtútù ní Mexico, ní àwọn erékùṣù Caribbean, ní Colombia, wọ́n wá ń padà lọ sínú igbó Kánádà níbi tí wọ́n ń yé ẹyin sí. Bí ilẹ̀ bá mọ́ bá wọn lójú omi, ilẹ̀ tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí ni wọ́n máa bà sí. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Bẹ́ẹ̀ ni, ojú ọ̀run tó. Ilẹ̀ ni kì í tó wọn ní Long Point.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, nǹkan bí agogo mẹ́fà ni oòrùn ń yọ níbẹ̀, àwọ̀n sì gbọ́dọ̀ ti wà ní ṣíṣí ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Agogo márùn-ún ò gbọdọ̀ bá ọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Má sì jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ìgbà ìrúwé tàn ọ́. Atẹ́gùn tó ń ti orí adágún bọ̀ lásìkò yẹn, bí i pé wọ́n ṣílẹ̀kùn fìríìjì sí ọ lójú ni. O ò sì lè wọ ìbọ̀wọ́ tó bo ìka, torí ìka lo fi ń ṣiṣẹ́.

Àwọ̀n kan gùn tó mítà 12, ó ga ju èèyàn lọ. Òwú rẹ̀ dúdú, ó sì tín-ín-rín débi pé bí igbó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú ò ní rí i. Ìwọ náà á kọ lù ú lọ́jọ́ kan, gbogbo wa la ti kọ lù ú. Okùn tó nà gbọnrangandan ló gbé e dúró ní ìpele-ìpele, ara àwọ̀n wá dẹ̀ láàárín okùn sí okùn, ó ṣe bí àpò. Bí ẹyẹ bá kọ lù ú, á já sínú àpò yẹn, á sì sùn síbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Kò ní àtè, kò ní ìwọ̀, kò ní nǹkan tó ń gé ara.

Láti ìgbà tí àwọ̀n bá ti ṣí, ìrìn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò gbọdọ̀ kọjá kí ẹnì kan tó yẹ àwọ̀n kọ̀ọ̀kan wò, bí òtútù tàbí oòrùn bá sì mú jù, kò gbọdọ̀ tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Wákàtí mẹ́fà la fi ń ṣe é. Ẹsẹ̀ rẹ á sọ fún ọ.

Jẹ́ kí n fi yíyọ ẹyẹ hàn ọ́ dáadáa, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ká ní Magnolia Warbler ló wà nínú àwọ̀n, ẹyẹ aláyà-ìyeyè tó wọn bíi gíráàmù mẹ́jọ. Má fọwọ́ kàn án kí o tó mọ ìhà tó gbà wọlé. Wo ikùn rẹ̀: ibi tí òwú kò bá ti bo ikùn, ibẹ̀ ló gbà wọlé, ibẹ̀ náà lo máa gbà mú un jáde. Ẹsẹ̀ lo máa kọ́kọ́ tú. Ẹyẹ máa ń di òwú mú ṣinṣin. Bí o bá fi ìka kékeré na ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, á la èékánná, òwú á sì bọ́. Lẹ́yìn náà, apá kan, apá kejì, o kàn máa yọ òwú kúrò ní oríkèé ni. Orí ló kẹ́yìn. Bí ẹni ń bọ́ bùbá lọ́rùn ọmọ tó ti sùn ni kí o ṣe é. Bí ó bá le, má fà á. Ẹni tó bá fà á ti bà á jẹ́. Dúró, fẹ́ atẹ́gùn sí ìyẹ́ kí o lè rí òwú, tàbí kí o pariwo pe ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Èmi ṣì máa ń pe ẹlòmíràn.

Chickadee lo máa kórìíra. Ẹyẹ kékeré, orí dúdú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ funfun, orí kunkun. Bí o bá ń tú ẹsẹ̀ ọ̀tún, yóò fi tòsì di òwú tuntun mú, yóò sì máa fi ẹnu ṣá ọ nídìí èékánná níbi kan náà léraléra. Cardinal, ẹyẹ tí ẹnu rẹ̀ nípọn, kì í fi ẹnu ṣá èèyàn ní tirẹ̀, ó ń gé èèyàn jẹ ni. Fún un ní igi kékeré tàbí etí àpò kó máa gé jẹ kó tó kan ìka rẹ.

Ẹyẹ kan, àpò kan. Aṣọ òwú ni àpò náà, okùn ló fi ń pa lẹ́nu. Inú òkùnkùn ni ẹyẹ ti máa ń farabalẹ̀. Nínú ilé pákó kékeré tí a ti ń ṣiṣẹ́, wàá rí àwọn àpò lórí ìkọ́, wọ́n tò lọ bí aṣọ alágbàfọ̀, òmíràn ń mì díẹ̀díẹ̀.

Òrùka la máa ń kọ́kọ́ fi sí i, kí ẹyẹ tó bá já mọ́ ọ lọ́wọ́ lè ti lórúkọ ná. Alumíníọ̀mù ni, nọ́ńbà mẹ́sàn-án ló sì wà lára rẹ̀. Púláyà tí a fi ń pa á dé ní ihò, ihò kọ̀ọ̀kan sì bá ìwọ̀n òrùka kan mu. Ẹnu òrùka gbọ́dọ̀ pàdé láìyọ gẹ́gẹ́. A máa ń fi èékánná gba ojú rẹ̀ kọjá, bí èékánná bá kọ́, kò tíì dára nìyẹn. Lẹ́yìn náà la óò wo ọdún rẹ̀ lára ìyẹ́. Ìyẹ́ tí ẹyẹ hù nínú ìtẹ́ kì í lágbára, tó bá fi máa di oṣù karùn-ún ọdún kejì, á ti ṣá bí aṣọ tí wọ́n ń sá sóòrùn lójoojúmọ́. Akọ American Redstart tiẹ̀ mú un rọrùn. Àgbà wọn dúdú kirikiri, àwọ̀ ọsàn sì wà lápá àti ìrù rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bí lọ́dún tó kọjá ṣì jọ abo.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ ni wíwo ọ̀rá. O máa fẹ́ atẹ́gùn sí i láyà, ìyẹ́ á pín sí ọ̀tún àti òsì, awọ ara á hàn. Awọ náà fẹ́lẹ́ débi pé ẹran pupa inú rẹ̀ hàn bí ohun tó wà nínú ọ̀rá píọ́wọ́tà. Nínú kòtò ìsàlẹ̀ ọrùn ni ọ̀rá máa ń kọ́kọ́ jókòó sí, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọ̀rá adìyẹ ìbílẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá adágún lóru kì í ní kankan mọ́, òdo la máa kọ fún un. Ọ̀rá yẹn ni epo mọ́tò wọn. Blackpoll Warbler, tó máa ń wọn bíi gíráàmù 12 ní ọjọ́ lásán, máa ń sanra tó ìlọ́po méjì nígbà tó bá ń padà lọ ní ìgbà ìwọ́wé. Ní 2015, àwọn olùṣèwádìí tẹ àbájáde jáde nípa àwọn tí wọ́n so ẹ̀rọ kékeré mọ́ lẹ́yìn: ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni wọ́n fi fò lórí òkun Àtìláńtíìkì láìbà, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 2,500.

Ìwọ̀n ló kàn. A óò ki orí rẹ̀ bọ inú ike oògùn kékeré, ìrù nìkan á kù síta, a ó sì gbé ike náà lé òṣùwọ̀n. Ó máa ń pa àlejò lẹ́rìn-ín. Ruby-crowned Kinglet fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo bákan náà pẹ̀lú owó ẹyọ dọ́là kan ti Kánádà, ẹran, eegun, ìyẹ́ àti gbogbo ohun tó fi ń ronú. Lẹ́yìn náà, ó di fèrèsé. Ọwọ́ lo máa là. Má jù ú sókè bí wọ́n ti ń ṣe nínú sinimá.

Bóyá o rò pé kíkọ sílẹ̀ ni ó rọrùn jù. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, ní ibùdó mìíràn, mo kọ 4 síbi tó yẹ kí 9 wà. Lọ́jọ́ kẹta a tún mú ẹyẹ kan tó ti ní òrùka. Ìwé ní Yellow Warbler ni. Common Yellowthroat ló wà lọ́wọ́ wa, tó ń wò wá. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo fi ń tú ìwé nígbà tí àwọn yòókù ń sùn. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pe nọ́ńbà fún mi, mo máa ń kà á padà sókè kí n tó kọ ti ẹyẹ tó kàn, ẹni tó bá fẹ́ kó fi mí ṣẹ̀sín.

Kí la ń fi gbogbo èyí ṣe? Àwọn èèyàn rò pé a ń retí kí ẹnì kan ní Colombia rí òrùka wa kó sì kọ̀wé. Ó ń ṣẹlẹ̀, orí ìkànnì reportband.gov ni wọ́n ti ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún ẹyẹ kéékèèké, kì í tó ọ̀kan tí a tún gbúròó rẹ̀ níbi tó jìnnà. Ẹyẹ òkun ni òrùka ti ń pẹ́: Wisdom, abo albatross kan tí wọ́n fi òrùka sí ní erékùṣù Midway ní 1956, ṣì yé ẹyin ní 2024. Ní tiwa, ẹyẹ tí a bá tún mú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ níbi kan náà ló níye lórí. Bí ó bá wọn gíráàmù mẹ́jọ lọ́jọ́ Ajé, tó wá wọn mẹ́sàn-án àbọ̀ lọ́jọ́bọ̀, a ti mọ̀ pé igbó yẹn ń bọ́ ọ. Bí kò bá lé, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣe igbó.

Bí o bá sì fẹ́ gbọ́ èrò tèmi, kíkà ló ṣe pàtàkì ju òrùka lọ. Lójoojúmọ́, ẹnì kan máa rin ọ̀nà kan náà, láago kan náà, yóò ka gbogbo ẹyẹ tó rí àti èyí tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Nígbà tó bá yá, gbogbo ilé á jókòó, a óò ka orúkọ ẹyẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú á sọ iye tó rí, a óò jiyàn, a óò fẹnu kò, a óò kọ ọ́. Kò dùn ún yà ní fọ́tò. Irú ìṣirò tí wọ́n ń ṣe láti ọdún dé ọdún bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n lè sọ ní 2019 pé ẹyẹ tó dín kù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà láti 1970 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù mẹ́ta.

Ó kan ikú. Ẹyẹ ń kú sínú àwọ̀n, n kò ní parọ́ fún ọ. Ìwádìí kan tó jáde ní 2011, tí wọ́n ṣe lórí àkọsílẹ̀ àwọn ibùdó ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, rí i pé nínú ẹyẹ ẹgbẹ̀rún kan, bíi méjì ló kú, bíi mẹ́fà ló fara pa. Ó kéré, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọwọ́ rẹ ló kú sí, kò ní kéré lójú rẹ lọ́jọ́ náà. Òjò ló burú jù, ẹyẹ tó bá tutù nínú àwọ̀n, òtútù á pa á. Atẹ́gùn líle ló tẹ̀ lé e. Àṣá kékeré kan wà pẹ̀lú, Sharp-shinned Hawk, tó ti mọ̀ pé ẹran wà nídìí àwọ̀n.

Ohun tí mo fẹ́ kí o di mú rèé, torí ọmọ tuntun kì í fẹ́ gbà á: ọjọ́ tí ẹyẹ bá pọ̀ jù ni a ń pa àwọ̀n dé. Ó máa ṣẹlẹ̀ lójú rẹ, bóyá láàárín oṣù karùn-ún. Atẹ́gùn gúúsù tó lọ́wọ́ọ́wọ́ á fẹ́ lóru, ẹyẹ á gbéra lọ́pọ̀ yanturu, òjò á wá pàdé wọn lórí adágún ní ìdájí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á wà nílẹ̀, lórí koríko, lórí iyanrìn, lábẹ́ tábìlì, ariwo wọn bí ti ẹ̀ga lórí ọ̀pẹ. Wàá rò pé ọjọ́ ìkórè dé. Wàá débi àwọ̀n kan ṣoṣo, ogójì ẹyẹ ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá rẹ á ní, “pa ti ìsàlẹ̀ dé, pa ti ìdí odò dé, ká yọ èyí tó wà nílẹ̀ ná.” Bí àpò bá tán lórí ìkọ́, iṣẹ́ dúró. Bí ẹyẹ kan bá ń mí hẹlẹhẹlẹ tàbí tó ń di ojú, tú u sílẹ̀ láìní òrùka. Àwọn tó yanjú nínú iṣẹ́ yìí tí mo mọ̀, mo ti rí gbogbo wọn tí wọ́n tú ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọn ò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Àárín àwọn ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí ò sí nǹkan kan pọ̀. Bí atẹ́gùn bá ti àríwá fẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹyẹ mẹ́ta láàárọ̀, méjì nínú wọn á sì jẹ́ Chickadee tó o ti mú lánàá. Ìgbà yẹn la ń fọ àpò (ìgbẹ́ ẹyẹ ló kún inú rẹ̀, ìwọ lo máa fọ̀ ọ́), la ń lẹ̀ àwọ̀n tó ya, la ń gé ẹ̀ka igi lójú ọ̀nà. Ọ̀sán ni oorun. Ẹni tí oúnjẹ bá kàn á sè. Gbé ata gígún dání, ọ̀pọ̀ ẹni tó wà níbẹ̀ ò mọ̀ pé ìrẹsì lè pọ́n. Agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ilé ti dákẹ́.

Àwọn ẹyẹ á máa yí padà lójú rẹ. Ìparí oṣù kẹrin, Kinglet àti Hermit Thrush ló máa pọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta oṣù karùn-ún ni àwọn Warbler, akọ ṣáájú abo. Bó bá kù díẹ̀ kí o máa lọ, àwọn ẹyẹ tó ń mú eṣinṣin jẹ á dé, méjì sì wà nínú wọn, Alder àti Willow Flycatcher, tó jọra débi pé bí a tilẹ̀ dì wọ́n mú lọ́wọ́, a ò lè fi gbogbo ẹnu sọ èyí tó jẹ́. “Traill’s”, orúkọ kan fún méjèèjì, la máa ń kọ, a ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Wàá rí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú, sọ fún ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n gúúsù Amẹ́ríkà ni ti Kánádà ti ń bọ̀. Èyí tí àwọn ń rí nílé lásìkò ọyẹ́, Yúróòpù ló ti wá. Òrùka ló tú àṣírí wọn: èyí tí ọ̀gbẹ́ni John Masefield fi òrùka sí ní Staffordshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù karùn-ún 1911, Natal ní Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti mú un ní oṣù kejìlá 1912. Bí iṣẹ́ yìí bá wọ̀ ọ́ lára, tí o sì ń lọ sílé lọ́jọ́ kan, APLORI, ilé ìwádìí nípa ẹyẹ, wà ní Jos, lábẹ́ yunifásítì ibẹ̀, wọ́n ń fi òrùka sẹ́yẹ nínú igbó Amurum.

Ẹrù rẹ: bàtà rọ́bà, aṣọ òtútù tí kò ní bọ́tìnì níwájú (àwọ̀n máa ń kọ́ bọ́tìnì), ìbọ̀wọ́ tí wọ́n gé ìka rẹ̀, iná tí a ń so mórí. Ki ẹnu ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, torí eégbọn Long Point kì í ṣe ti ajá lásán, ó ń kó àrùn Lyme ranni, kí o sì yẹ ara rẹ wò kí o tó sùn. Ewé kan wà níbẹ̀ tó ń pín sí mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n á fi hàn ọ́ lọ́jọ́ kìíní. Yèrèpè ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oògùn ẹ̀fọn lè wà lọ́rùn àti lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ, ó ń ba ìyẹ́ jẹ́. Bí o bá ti fi pa á láìmọ̀, lọ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kí o tó gba àpò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.